Etí Tó Ń Dájọ́: Kí Lèèyàn Gbọ́dọ̀ Mọ̀ Kó Tó Lè Sọ Pé Sípíkà Kan Dára?

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ni ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ọ, àti fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú danfo tí ariwo kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń wọlé sórí WhatsApp wa ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, sípíkà wo ni kí n rà?" Ẹlòmíì á ní earpiece lòun ń wá. Ẹnì kan kọ̀wé pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi sípíkà háyà fún òde àríyá, owó tí òun fi odindi ọdún kan tù jọ ló wà lọ́wọ́ òun. Nígbà tí mo ka tẹni yìí, mo rí i pé ìbéèrè míì wà lábẹ́ ìbéèrè yẹn. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a lóhùn? Kí lèèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè jókòó, kó ní ẹ̀rọ yìí dára, èyí kò dára, kí ẹlòmíì sì fi owó oúnjẹ ẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹ̀?

Iṣẹ́ ni o. Ní òkè òkun, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn kan ti ń fi í jẹun. Lọ́dọ̀ tiwa, etí wà, ìtàn sì wà, ṣùgbọ́n a kì í sábà pè é níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìtàn náà.

Àdúgbò tí ohùn gbà kọjá

Costain ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Costain. Ìlú Liverpool ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1865. Ilé-iṣẹ́ náà wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, orúkọ ẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìkóríta wa bí àtè. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó rò pé orúkọ àdúgbò lásán ni.

Tí ẹ bá dúró ní Costain tí ẹ kọjú sí Apapa, ọ̀nà tó lọ síbi tí EMI ti ń gba orin sílẹ̀ láyé ọjọ́sí lẹ ń wò. Tí ẹ bá yíjú sí Iganmu, ẹ máa rí National Theatre tó dà bíi fìlà ológun, tí wọ́n ṣí ní 1976, tí FESTAC sì wáyé níbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì 1977. Orúkọ Wole Soyinka ló ń jẹ́ báyìí. Tí ẹ bá gba Western Avenue, ìyẹn Funsho Williams Avenue ìsinsìnyí, ẹ máa dé Ojuelegba. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí ọ̀nà Mushin, ẹ ti dé Idi-Oro, níbi tí Shrine Fela wà ní àwọn ọdún 1970.

Ibi mẹ́ta rèé, ohùn ni gbogbo wọn fi ṣòwò. Àárín wọn ni Costain wà, pẹ̀lú ariwo kọ̀ńdọ́, fèrè ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀. Tí etí èèyàn bá lè ṣiṣẹ́ níbí, á ṣiṣẹ́ níbikíbi.

Àpótí tí kì í gba èsì

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin ìyìn 43 sórí àwo fún Zonophone. Ẹ ronú nípa ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sórí gíramafóònù ní Abẹ́òkúta. Ó mọ ohùn àlùfáà náà, ó ti gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí, ohùn yẹn kan náà ń jáde láti inú àpótí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìdájọ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa: ẹni tó mọ ohùn gidi ń fi í wé ohùn inú ẹ̀rọ, ó ń bi ara ẹ̀ pé, "Ṣé òun nìyí?"

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn èèyàn l'Ékòó. Rediffusion ni wọ́n wá ń pè é. Àpótí náà kò ní ju sípíkà kan àti ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò. Àwọn bàbá wa wò ó, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ wo bí orúkọ yẹn ti gún régé tó! Ó sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, ó sì sọ àléébù ẹ̀ mọ́ ọn: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Bí ẹ bá ní kí n fún yín ní àpẹẹrẹ àgbéyẹ̀wò tó kúrú jù lọ ní èdè Yorùbá, orúkọ yìí ni màá mú wá.

Iná wọ inú ìlù

Ní 1948, Akanbi Ege mú gángan wọ inú orin jùjú. Ṣé ẹ mọ wàhálà tó wà níbẹ̀? Gángan ń pariwo, ohùn akọrin àti gìtá kò lè bá a dọ́gba. Ní 1949, Ayinde Bakare fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan mọ́ ara gìtá ẹ̀. Bí iná ṣe ń gbé ohùn gìtá àti ohùn ẹnu sókè ni àyè ń gba ìlù láti pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ jùjú. Ẹ̀rọ ló ṣí ọ̀nà fún ìlù àbáláyé. Ìdí nìyí tí ara mi kì í gbà á tí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà.

Lẹ́yìn náà ni owó epo dé. Ní 1975, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Udoji, àfikún owó oṣù pẹ̀lú èyí tó ti ń ṣẹ́kù bọ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú owó yẹn ló di alùpùpù, tẹlifíṣọ̀n àti sítẹ́rio. Ṣéńjà tó ń pààrọ̀ àwo fúnra ẹ̀ di ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀, wọ́n á fi aṣọ léèsì bò ó. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tòkunbọ̀ gba ipò tuntun. Ọ̀pọ̀ wa, sípíkà tòkunbọ̀ ni etí wa fi là.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Apapa

Ní oṣù Kẹjọ 1973, Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles tẹ́lẹ̀, wá sí Èkó láti gba orin sílẹ̀ ní ilé EMI ní Apapa. Geoff Emerick ló bá a wá láti darí ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò jọ ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀nà ohùn mẹ́jọ péré ló wà, wọn ò sì tíì parí àwọn yàrá kéékèèké tí akọrin máa ń dúró sí. Fela fẹ̀sùn kan McCartney pé ó wá jí orin Áfíríkà ni. McCartney ní kó wá gbọ́ ohun tí òun gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀.

Ìdí ẹ̀jẹ́ orin náà, ìyẹn ìlù, gìtá àti ọ̀pọ̀ ohùn ẹnu, Apapa ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti fi àwọn ohun èlò orin míì kún un. Àwo náà, *Band on the Run*, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Lẹ́yìn náà, Emerick gba ẹ̀bùn Grammy lórí ẹ̀, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó mọ ohùn gbà sílẹ̀ jù.

Ẹ dákun, ẹ tún un kà. Ibi tí àwọn èèyàn á wò tí wọ́n á ní "irinṣẹ́ ò sí níbí" ló bí iṣẹ́ ohùn tó gba ẹ̀bùn. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣàgbéyẹ̀wò ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn: iye owó orí ẹ̀rọ kì í ṣe ohùn ẹ̀. Etí ẹni tó jókòó tì í ṣe pàtàkì.

Àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́

Ní 1923, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Compton Mackenzie dá ìwé ìròyìn *The Gramophone* sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi di ara ohun tí wọ́n ń ṣàgbéyẹ̀wò pẹ̀lú àwo. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn tó ń tà á ló ń sọ bó ṣe dára tó. Ní Amẹ́ríkà, láti 1915, ilé-iṣẹ́ Edison ń gbé akọrin àti ẹ̀rọ sórí ìtàgé kan náà, wọ́n á pa iná, wọ́n á ní kí àwọn èèyàn sọ èwo ni èèyàn, èwo ni ẹ̀rọ. Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Anna Case, ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà, jẹ́wọ́ pé òun máa ń rọra kọrin kí ohùn òun lè bá ti ẹ̀rọ mu. Ẹ̀rọ kọ́ ló fara wé èèyàn, èèyàn ló fara wé ẹ̀rọ!

Ní 1962, J. Gordon Holt dá *Stereophile* sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ti ṣiṣẹ́ níbi ìwé ìròyìn ńlá kan, ó sì rí i pé ẹni tó ń san owó ìpolówó kì í fẹ́ ká sọ àléébù ọjà òun. Ní 1973, Harry Pearson dá *The Absolute Sound* sílẹ̀. Ìlànà tiẹ̀ rọrùn láti sọ: ohùn ohun èlò orin gidi, láìsí iná, níbi tí èèyàn ti ń lù ú lójúkojú, ni òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ tó bá sún mọ́ ọn ló dára.

Nígbà tí mo kà nípa ìlànà Pearson, mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn ọmọ Àyàn ti ń ṣe láti ìran dé ìran nìyẹn.

Ìyá ìlù ni òṣùwọ̀n tiwa

Ọmọ Àyàn kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìyá ìlù. Ìlù kékeré ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, á máa tẹ̀lé àgbà, á máa gbọ́. Ó lè pé ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó jẹ́ kó fi ìyá ìlù sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Etí ni wọ́n ń kọ́ kí wọ́n tó kọ́ ọwọ́. Àwọn àgbà sì ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ẹ wò ó, èdè wa gan-an jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ìró ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá láti kékeré ti ń fi etí wọn òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn kó tó mọ ABD.

Ìyá ìlù sì ní ohun gbogbo tí ẹ nílò láti dán sípíkà wò. Awọ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ àti àárín, ṣaworo tó wà létí ẹ̀ ń dún wínrinwínrin lókè. Tí sípíkà bá dára, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ, ẹ máa gbọ́ ibi tí ọṣán ti fà tí ohùn sì yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ṣaworo á sì dá dúró bí idẹ. Tí kò bá dára, ṣaworo á máa dún bí ìgbà tí èèyàn da iyanrìn sínú agolo.

Ẹ kíyè sí béèsì o. Sípíkà kan wà tó jẹ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀: gbòò, gbòò, gbòò. Ẹ gbé orin Haruna Ishola sí i, ẹ fetí sí agídìgbo. Ó yẹ kí ohùn agídìgbo máa yí padà, kó máa rìn. Tó bá jẹ́ ohùn kan náà lẹ̀ ń gbọ́ nígbà gbogbo, ariwo ni wọ́n tà fún yín. Sípíkà fóònù yín ńkọ́? Kò ní béèsì gidi rárá, síbẹ̀ ẹ̀ ń gbọ́ ohùn bàbá yín dáadáa lórí ìpè. Ọpọlọ ló ń ṣe é: ó ń gbọ́ ìró òkè tó bá ohùn náà rìn, ó sì ń fi ìsàlẹ̀ tó sọnù kún un fúnra ẹ̀.

Ohun tí ẹni tó ń dájọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣe

Àkọ́kọ́, ẹ lọ gbọ́ ohùn gidi. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àríyá l'Ékòó, onílù á pàdé yín, á máa kì yín, kò lo máìkì. Kí ẹ tó ná owó fún un kí ẹ wọlé, ẹ dúró, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni.

Ìkejì, ẹ máa lo orin kan náà nígbà gbogbo. Mẹ́fà ni mo ní: ìyá ìlù nìkan, àpàlà kan, fèrè Fela kan, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin tó ń ka ìròyìn, àti orin kan tó dákẹ́jẹ́ẹ́. Mo mọ̀ wọ́n bí ilé mi. Tí nǹkan bá sọnù, màá mọ̀.

Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n ohùn dọ́gba. Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson fi hàn pé tí ohùn bá rẹlẹ̀, etí wa kì í gbọ́ béèsì tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, sípíkà tó bá pariwo díẹ̀ ju èkejì lọ á dà bíi pé ó dùn jù. Àwọn tó ń tajà mọ̀ ọ́n, wọ́n á rọra yí èyí tí wọ́n fẹ́ tà sókè.

Ìkẹrin, ẹ bo ojú. Ní 1994, Floyd Toole àti Sean Olive ní ilé-iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà ní kí òṣìṣẹ́ 40 dájọ́ sípíkà mẹ́rin, nígbà tí wọ́n ń rí wọn àti nígbà tí wọn kò rí wọn. Nígbà tí wọ́n ń rí wọn, èyí tó tóbi tó sì rẹwà ló gba máàkì. Nígbà tí aṣọ bò wọ́n, àlàfo àárín wọn dín kù. Etí wọn kò yí padà, ojú ló ń bá etí sọ̀rọ̀. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo sípíkà, kí ọ̀rẹ́ yín máa pààrọ̀ wọn.

Ìkarùn-ún, ẹ mọ iná. Iná wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà ń yí ní 60. Tí ṣéńjà tòkunbọ̀ àtijọ́ láti Amẹ́ríkà bá ní mọ́tò tó ń tẹ̀lé iná, ẹ̀rọ step-down á tún fóltéèjì ṣe, ṣùgbọ́n kò ní tún yíyí yẹn ṣe. Àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 àti ìdá mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan á yí ní nǹkan bí 28. Ohùn akọrin á wálẹ̀, á dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹni tí kò mọ̀ á ní akọrin ló burú.

Irọ́ ara páálí

Mo ṣèlérí láti sọ̀rọ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi sípíkà háyà. Ẹ wo páálí: "5,000W PMPO." Kò sí òfin kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí tó sọ bí wọ́n ṣe ń wọn PMPO. Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ nípa iná tó ń fà. Tó bá jẹ́ 60W ló ń fà, níbo ló ti fẹ́ rí 5,000? Táńkì tí garawa omi 60 ń wọnú ẹ̀ ní wákàtí kan kò lè máa tú 5,000 jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. RMS ni kí ẹ béèrè. Irú irọ́ yìí pọ̀ ní Amẹ́ríkà náà tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ FTC fi ṣe òfin ní 1974 nípa bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa polówó agbára ẹ̀rọ orin ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń ṣàgbéyẹ̀wò ló kù tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn.

Dòdò àti òdodo

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fídíò ṣàgbéyẹ̀wò ẹ̀rọ l'Ékòó ti ń pọ̀ sí i, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀, àwọn olójà á fi sípíkà ọ̀fẹ́ ránṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ohun tí Holt sá fún ní 1962 náà nìyẹn.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gba ohun tí wọ́n bá yá a. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ síta: ta ló fún yín, ṣé ẹ máa dá a padà, ṣé wọ́n sanwó. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ bi ara yín pé ṣé ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú ẹni tó fi ọdún kan tu owó jọ.

Ohun tó kù ni èdè. A kò nílò láti yá ọ̀rọ̀. Ohùn lè dún gooro, ó lè já gaara, ó lè rinlẹ̀, ó lè máa ha, ó lè dún bí agolo, ó lè dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Ìyá àgbà yín á lóye gbogbo ẹ̀. Àwọn tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti fi ọ̀nà hàn wá.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ mú orin kan tí ẹ mọ̀ bí orúkọ yín, ẹ gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ìwọ̀n ohùn kan náà, kí ẹ sì kọ gbólóhùn mẹ́ta lédè Yorùbá nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Èyí tó bá já gaara, a máa kà á lórí ètò. Ó dìgbà kan ná o.